Kí Ló Pa Nọ́sù Àkọ́kọ́? Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn onípíkọ́ọ̀pù dísù sọ l'Abẹ́òkúta

Ẹ káàsán o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ̀yin rewáyà, ẹ̀yin awakọ̀ tẹ́ ẹ wá láti Láfẹ́nwá, láti Àsẹ́rò, láti Ọbáńtokò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá wọlé pẹ̀lú kérétì ẹyin lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru yìí náà. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ sún mọ́bí jàre, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Wọ́n ní kí n má pẹ́, mo sì ti dá alága lóhùn pé mi ò ní pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá gbé máìkì lé mẹkáníìkì lọ́wọ́. (Ẹ̀rín.)

Ìbéèrè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo àwa tá a jókòó síbí, ta ló ti ra nọ́sù sí píkọ́ọ̀pù ẹ̀ rí, tí ọdún ò tíì yípo tó tún ń ra òmíràn? Ẹ na ọwọ́ s'ókè, ẹ má tijú, kò sí ọ̀tá níbí. Háà. Ẹ wo ọwọ́! Ó dáa, ẹ má tíì gbé e wálẹ̀ o. Nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ nawọ́ yìí, ta ló bi mẹkáníìkì ẹ̀ kó tó san owó ẹlẹ́ẹ̀kejì pé, “Ọ̀gá, kí ló pa ti àkọ́kọ́?” Ẹ ò rí i? Ọwọ́ ti ń wálẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ti wálẹ̀ tán.

Ohun tí mo torí ẹ̀ wá nìyẹn. Nọ́sù, irin tó ń wọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì, tàbí ká pè é ní injẹ́tọ̀ bí àwọn ọmọ ìsìnyí ṣe ń pè é, kì í ṣàdédé kú. Nkan kan ló pa á, nkan ọ̀hún sì wà nínú ọkọ̀ yẹn síbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ òkú ẹ̀ dànù, ó ń dúró de tuntun. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Tẹ́ ẹ bá ra nọ́sù mẹ́rin tuntun nínú páálí tẹ́ ẹ ò wá kòkòrò yẹn rí, ońjẹ lẹ ra fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nkan tá à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Àwa tá a kọ́ṣẹ́ láyé Mercedes 911 àti Hilux ayé àtijọ́ tó ń lo ẹ́ńjìnnì 3L, nọ́sù tiwa nígbà yẹn kò le. Pọ́ǹpù á tì í, sìpíríǹgì inú ẹ̀ á gbà, á ṣí, á wọ́n epo, á pa dé. Nkan bíi 150 sí 200 bar ló ti máa ń ṣí, bar yẹn ni wọ́n fi ń wọn agbára tí epo fi ń tì. Ẹ lè tú u ní abẹ́ igi, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń ṣe kàlíbréṣọ̀n, kó fi ọwọ́ tẹ ẹ̀rọ ẹ̀ kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń wọ́n ọn, ó parí. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ dáadáa á fi etí lásán mọ èyí tí kò ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Àwọn tí ẹ ń wà báyìí ńkọ́? Hilux D-4D, 2.5 àti 3.0, Ranger, L200, Navara, kọ́mọ̀n réèlì ni gbogbo wọn. Pọ́ǹpù kan á tẹ epo sínú páìpù irin nínípọn kan tó ń jẹ́ réèlì, ibẹ̀ ni nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ti máa mu, kò sì sí èyí tó lè ṣí fúnra ẹ̀, àfi tí bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, bá fi iná ránṣẹ́ sí i. Ọdún 1997 ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tó ń lò ó jáde ní Ítálì, Alfa Romeo 156, àtìgbà náà ló ti gba ayé kan. Lórí 3.0 yẹn, agbára tí epo fi ń jókòó sínú réèlì lè dé 1,600 bar. Ẹ̀yin vọkanáísà, ẹ gbọ́ o. Táyà tẹ́ ẹ fẹ́ sí 35 (psi ni o, kì í ṣe bar), ìlọ́po ẹ̀ lọ́nà tó ju 600 lọ nìyẹn. Ihò ẹnu nọ́sù tí epo ń gbà jáde kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju ìbú irun orí lọ, ihò ọ̀hún sì pọ̀ lẹ́nu nọ́sù kan ṣoṣo. Àlàfo àárín àwọn irin tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, bíi ìdá kan sí mẹ́ta níbẹ̀ ni. Kì í sì í wọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó máa kọ́kọ́ wọ́n díẹ̀ síwájú kí iná lè mú jẹ́jẹ́, kó tó wá wọ́n èyí tó pọ̀, gbogbo ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ ò tíì ṣẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì tuntun fi ń dún jẹ́jẹ́, ìdí náà sì nìyẹn tó fi máa ń dún bí ẹni ń gún irin nígbà tí wíwọ́n àkọ́kọ́ yẹn bá ti dàrú.

Awakọ̀ kan bá mi jiyàn l'Ádátán pé kò sí nkan tí ẹ́ńjìnnì dísù ò lè mu, pé òun kà á pé wọ́n ti fi epo ẹ̀pà lò ó rí. Mo ní kò parọ́. Rudolf Diesel tó ṣe é, ará Jámánì, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kan fi epo ẹ̀pà ṣiṣẹ́ níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris ní 1900. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì 1900 ò ní bíréènì bọ́ọ̀sì, kò sì mọ nkan tó ń jẹ́ 1,600 bar. Ẹ bá mi sọ fún un kó lọ bu epo ẹ̀pà sí Hilux ẹ̀, kó wá fún wa ní ìròyìn. (Ẹ̀rín.)

Ó yá, àwọn apànìyàn dà? Ẹ jẹ́ ká dárúkọ wọn.

Omi ni ọ̀gá wọn. Ẹ tún un sọ pẹ̀lú mi: omi! Ẹ rántí pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í dé inú pọ́ǹpù dísù àwọn ọkọ̀ kọ́mọ̀n réèlì yìí, kì í dé inú nọ́sù. Dísù yẹn fúnra ẹ̀ ló ń bá wọn yọ̀, òun ni ońjẹ, òun ni òróró. Tí omi bá wá rọ́pò ẹ̀, irin ń ha irin nìyẹn, ìpẹtà á tún bẹ̀rẹ̀, ìpẹtà yẹn á já wẹ́wẹ́, á wọ inú ihò tá a fi irun wọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Kò tán síbẹ̀ o. Tí omi bá pẹ́ ní ìsàlẹ̀ tánkì, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń gbé ní ojú ibi tí omi àti dísù ti pàdé, wọ́n á máa bí sí i, wọ́n á di nkan dúdú tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, òun ló máa ń dí fílítà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀. Kò ju kí ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ lọ, ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin kan wà tó ń kó ońjẹ adìẹ gba ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá. Ọkọ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀, èéfín funfun ń bọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ nọ́sù fún un níbì kan, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò tíì gbé súpánà, mo ní kó kọ́kọ́ bá mi tan iná ọkọ̀ kí n wo dáṣíbọọ̀dù. Iná ABS tàn, iná bátìrì tàn, iná ọ́ìlì tàn, gbogbo wọn tàn, iná omi inú fílítà ò tàn rárá. Mo ní, “Bàbá, iná kan ò sí níbí.” Ó ní, “Háà, ìyẹn, ó ti ń dà mí láàmú tipẹ́, ni rewáyà kan bá bá mi já a.” Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Iná tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi síbẹ̀ láti máa ké pé omi ti kún fílítà, wọ́n já a kó má baà dí wọn lọ́wọ́, wọ́n wá lọ ra nọ́sù! Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá. Nígbà tá a ṣí ìdí fílítà, omi ló kọ́kọ́ dà, ó dà títí kí dísù tó yọjú. Gbogbo rewáyà tó wà níbí, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ má já iná yẹn mọ́.

Ìdọ̀tí ló tẹ̀lé e. Àwa l'Abẹ́òkúta ò níláti jìnnà ká tó rí eruku, ilé òkúta là ń gbé, àwọn tó ń fọ́ òkúta ò sì jìnnà sí wa. Fílítà ló yẹ kó dá ìdọ̀tí dúró, àmọ́ fílítà wo? Èyí tí wọ́n ṣe páálí ẹ̀ dáadáa tí bébà inú ẹ̀ rí bí bébà tí wọ́n fi ń pọ́n àkàrà? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Fílítà ayédèrú, ògiri tó lanu ni. Mo tún fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ gbọ́ eléyìí torí mo ń rí i lójoojúmọ́: ẹ gba fílítà tuntun lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ bu dísù sínú kọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ fi ń fọ bérìn, ẹ dà á sínú fílítà kó lè tètè sítáàtì. Ihò àárín tẹ́ ẹ da dísù sí yẹn, ojú ibi tó ti mọ́ ni, epo tó bá ti dé ibẹ̀ kò tún ní gba inú bébà kọjá mọ́, nọ́sù ló ń lọ tààrà. Ẹ fi fílítà tuntun kó ìdọ̀tí fún un nìyẹn. Pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ lórí fílítà, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi máa le. Ọwọ́ á dùn yín díẹ̀, ẹ fara dà á.

Kẹrosíìnì àti dísù àdàlù, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀ torí ẹ̀yin náà mọ ẹni tó ń ta á. Kẹrosíìnì fúyẹ́, kò ní òróró tó lè gbé irin. Ẹni tó ń fi kẹrosíìnì “fọ” nọ́sù nínú tánkì, pọ́ǹpù ló ń fọ̀ lọ. Èyí tí wọ́n sè nínú ìgbó l'ápá Delta, tí wọ́n wá ń gbé kiri nínú kẹ́ẹ̀gì, kò sẹ́ni tó mọ nkan tó wà nínú ẹ̀, ẹni tó sè é gan-an ò mọ̀. Àwọn kan á ní, ṣebí láti January 2024 ni ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ti ń ṣe dísù, epo wa ti dáa báyìí. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Àmọ́ láti ẹnu géètì ilé ìfọpo dé inú tánkì ọkọ̀ yín, ọwọ́ mélòó ló máa kọjá? Tánkà wo ló gbé e, kí ni tánkà yẹn gbé lánàá, tánkì abẹ́ ilẹ̀ ilé epo yẹn ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn? Ìrìn àjò yẹn ni mò ń bẹ̀rù, mi ò bẹ̀rù ilé ìfọpo.

Ẹnì kan tó kù nínú àwọn apànìyàn yìí, òun ni mo fẹ́ lo àkókò fún, torí òun ni wọn kì í fura sí. Wáṣà bàbà.

Lábẹ́ nọ́sù kọ̀ọ̀kan, níbi tó ti jókòó sórí tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, wáṣà bàbà kékeré kan wà níbẹ̀. Owó ẹ̀ ò tó nkan tá à ń sọ. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí iná inú sílíńdà jò gba ẹ̀gbẹ́ nọ́sù jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń lò ó, tí wọ́n bá ti dì í ó ti tẹ́ nìyẹn, ó ti gba àmì ibi tó jókòó sí, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ tẹ́ ẹ dá a padà, kò ní bá ibẹ̀ mu bíi ti àkọ́kọ́ láéláé. Ẹ wá wo nkan tó ń ṣẹlẹ̀ lórí 3.0 tí wọ́n ń pè ní 1KD. Wáṣà jò. Iná ń yọ díẹ̀díẹ̀, èéfín dúdú ń gùn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́sù, ó ń dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì lábẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì ń ki, ó ń dà bí ọ̀dà títì. Ọ̀dà yẹn á sọ̀ kalẹ̀ sínú sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, á lọ bo ojú sìtírénà, ajọ̀ tí pọ́ǹpù ọ́ìlì fi ń mu. Ọ́ìlì kún inú ẹ́ńjìnnì o, díìpù sítíìkì, ọ̀pá tí ẹ fi ń wo ọ́ìlì, sọ pé ó kún, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ò rí mu. Ẹ mọ nkan tó kàn. Ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì.

Mo mọ Hilux kan tó nọ́ọ̀kì ní iwájú Pápáláńtò, ó ń bọ̀ láti Èkó, ó ti kọjá Ìfọ̀, iná ọ́ìlì ń ṣẹ́jú, ẹni tó wà á rò pé sẹ́ńsọ̀ ni. Ó kù díẹ̀ kó dé Ewékorò ló dákẹ́. Nígbà tá a tú sọ́ǹpù, sìtírénà yẹn, ẹ ò lè rí ihò kankan lójú ẹ̀. A wá ṣí òkè, nọ́sù mẹ́rin tó ń dán, tuntun ni wọ́n, olówó iyebíye, wáṣà tó wà nídìí wọn ti gbó, ti àtijọ́ ni wọ́n dá padà. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kò sì sí níbí. Wáṣà mẹ́rin ló fi du oníbàárà, ó fi ẹ́ńjìnnì odindi san án.

Kí ni àmì ẹ̀? Lówùúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ fetí sí i dáadáa, ó máa ń dún fì-fì-fì-fì bí ẹni tí ìmú ẹ̀ dí, tó bá gbóná ohùn yẹn lè lọ. Ẹ ṣí ibi tí ẹ ń da ọ́ìlì sí, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ìdérí ẹ̀. Tó bá ti ní ìdọ̀tí líle dúdú bí èédú, ẹ má tún wà á lọ síbì kankan, ẹ jẹ́ ká tú nọ́sù wò, ká sì tú sọ́ǹpù pẹ̀lú. Ṣé ẹ gbọ́? Pẹ̀lú! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wáṣà tuntun sí òkè kí wọ́n fi ọ̀dà sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀.

Ó yá, ká wá bọ́ sórí bá a ṣe máa mọ̀ pé nọ́sù ni, torí àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọkọ̀ tó ń ṣòro láti sítáàtì, ṣé nọ́sù ni? Ó lè jẹ́ bátìrì. Ó lè jẹ́ fílítà tó dí, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi họ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ fáàfù kékeré tó wà lára pọ́ǹpù. Èéfín dúdú, ó lè jẹ́ áyà fílítà tàbí họ́ọ̀sì tọ́bò tó ya. Tó bá jẹ́ nọ́sù lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n níbi tó dúró sí, á máa dún bí ẹni ń gún irin lójú kan náà, èéfín funfun á máa ta lójú láàárọ̀, tàbí kẹ́ ẹ rí i pé ọ́ìlì ń lọ s'ókè lórí díìpù sítíìkì tí ẹnikẹ́ni ò sì dà kún un. Ọ́ìlì kì í bímọ o. Dísù ló ń jò sínú ẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ tí páìpù ríítọ̀n wọn, èyí tó ń dá epo tó ṣẹ́kù padà láti nọ́sù, wà níta, ẹ yọ ríítọ̀n yẹn, ẹ so rọ́bà tó funfun mọ́ ìkọ̀ọ̀kan, kí nọ́sù kọ̀ọ̀kan máa dà sínú ìgò tirẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ìgò tó bá yára kún ju àwọn yòókù lọ, olè yín nìyẹn, gbogbo ìgò míì á jẹ́rìí sí i. Lórí 3.0 tá à ń sọ, abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ni ríítọ̀n wà, kò rọrùn bẹ́ẹ̀, ẹ lo sìkánà, ẹ̀rọ tá a fi ń bá bíréènì bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà kan wà tí bíréènì bọ́ọ̀sì máa ń fún nọ́sù kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń fi kún epo ẹ̀ tàbí tó ń yọ kúrò kí ẹ́ńjìnnì lè dọ́gba. Èyí tó bá sún mọ́ òdo, ara ẹ̀ le. Èyí tó bá jìnnà réré, s'ókè ni o, sísàlẹ̀ ni o, ẹ lọ bi í léèrè.

Kí n tó bọ́ sórí bá a ṣe ń tú u, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ lórí 911 bíi tèmi, ṣé ẹ rántí bá a ṣe máa ń tú nọ́ọ̀tù páìpù nọ́sù díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ká lè mọ èyí tí ò ṣiṣẹ́? Ẹ MÁ DÁN AN WÒ lórí kọ́mọ̀n réèlì. Epo tó bá yọ ní 1,600 bar á gún awọ ara wọlé, á dà bí ojú abẹ́rẹ́ lásán, ẹ ò ní rí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, kò sì ní dùn yín tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Dísù á ti wà nínú ẹran ara, á máa jẹ ọwọ́ yẹn láti inú. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, kó má lọ ra àgbo, kó má lọ fi òróró pa á, kó lọ sí hòsípítù lójú ẹsẹ̀, kó sọ fún dókítà pé dísù ló gún mi wọlé, agbára ẹ̀ pọ̀, torí iṣẹ́ abẹ ló máa ń gbà, àwọn tí wọ́n fi í ṣeré ti pàdánù ìka. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó ń jò, páálí ni kẹ́ ẹ na síbẹ̀, ẹ má na ọwọ́.

Títú u wá ńkọ́? Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. (Ẹ̀rín.) Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ti rí ẹni tó fi hámà àti kóló yọ nọ́sù.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ fún réèlì lákòókò kí agbára inú ẹ̀ lọ. Ẹ fọ òkè ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó tú nkankan, ẹ fi afẹ́fẹ́ gbá gbogbo àyíká nọ́sù, torí nkan tó bá jábọ́ sínú ihò yẹn, inú sílíńdà ló ń lọ. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń tú páìpù ni kẹ́ ẹ máa dé ẹnu ẹ̀ pẹ̀lú ìdérí tó mọ́, ẹ má fi àkísà dí i, òwú àkísà ń já. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ara nọ́sù, ti iwájú ni ọ̀kan. Tí wáṣà àtijọ́ ò bá bá nọ́sù jáde, ó wà nínú ihò, ẹ wá a títí ẹ ó fi rí i, torí tẹ́ ẹ bá gbé wáṣà tuntun lé e lórí, méjì ti wà níbẹ̀ nìyẹn, nọ́sù á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ibi ìjókòó ẹ̀ títí tó fi máa dán, ẹ má fi sìkúrúdíráfà ha á. Páìpù irin tó lọ láti réèlì sí nọ́sù, Toyota ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀ tí wọ́n bá pààrọ̀ nọ́sù, torí ẹnu ẹ̀ ti mọ ti àtijọ́. Mo mọ̀ pé ó dùn yín lápò, mo kàn ń sọ ohun tí ìwé wọn wí ni. Wáṣà ríítọ̀n lókè náà, tuntun ni. Ẹ sì fi súpánà tọ́ọ̀kì dì í sí iye tí ìwé ọkọ̀ yẹn sọ, ẹ má fi ọwọ́ lásán wọ̀n ọ́n, ẹni tó ní “ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n” ni mo máa ń bá tún iṣẹ́ ṣe.

Ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń pa tì sí nìyí: kóòdù. Ara nọ́sù Denso tó wà lórí 3.0, wọ́n kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà 30 síbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kò sí nọ́sù méjì tó ń wọ́n bákan náà gẹ́lẹ́, ilé iṣẹ́ ti wọ̀n ọ́n, wọ́n kọ ìwà ẹ̀ sára ẹ̀, iṣẹ́ yín ni láti fi sìkánà kọ ọ́ sínú bíréènì bọ́ọ̀sì, kó lè mọ irú ẹni tó ń bá ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ ò bá kọ ọ́, ẹ fi nọ́sù tuntun sí i, ìwà ti àtijọ́ ni bíréènì bọ́ọ̀sì ṣì ń lò fún un. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n, ẹ ó máa bú ẹni tó ta ọjà.

Ìyẹn ló mú mi dé ọ̀rọ̀ Bẹ́líjíọ̀mù, àlòkù tó ti òkè òkun wá. Mi ò ní bú ẹni tó ń ra Bẹ́líjíọ̀mù, mo mọ iye tí tuntun ń lọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá máa rà á ní Ládípọ̀ tàbí níbikíbi, ẹ wò ó pé kóòdù ẹ̀ ṣì hàn, ẹ má gba èyí tí wọ́n ti ha ara ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán nọ́sù kọ́mọ̀n réèlì wò kẹ́ ẹ tó sanwó tán. Ẹni tí kò bá gbà kẹ́ ẹ dán an wò ti dáhùn ìbéèrè yín.

Ìdáàbòbò ló kù. Ẹ ra dísù níbi tí ọkọ̀ pọ̀ sí, torí epo wọn kì í pẹ́ nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí tánkà tó ń já epo lọ́wọ́ ní ilé epo, ẹ kọjá, ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ti dìde nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fura sí epo, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó funfun, ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, omi á ti lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ ó rí ojú ààlà ẹ̀ kedere. Ẹ jẹ́ kí tánkì kún kí ọkọ̀ tó sùn, pàápàá nígbà òjò, àyè tó ṣófo nínú tánkì ni ìrì ti ń di omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé epo lọ s'óko, ẹ gbé e sílẹ̀ kó simi, ẹ má da ìsàlẹ̀ ẹ̀ sí i, ẹ sì má fi sí dírọ́ọ̀mù tí wọ́n fi síńkì bò, síńkì àti dísù kì í bára wọn gbé. Fílítà, ìwé lè sọ pé kó rìn jìnnà, àmọ́ pẹ̀lú epo tiwa, mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé 10,000 kìlómítà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ìdí fílítà, ẹ máa tú omi ẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ má dúró de iná. Tí ọmọ ilé epo bá sì ṣèèṣì da bẹntiróò sí i, ẹ dákun, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ kan ìgìníṣọ̀n rárá, ẹ ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká wá fà á jáde nínú tánkì.

Alága ń wo aago, mo ti rí i. Ìyá kan bi mí ṣáájú pé òun ò mọ ibi tí wọ́n ń tú omi yẹn sí. Ó dáa, Hilux ẹ̀ wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, ó ti gbà ká fi ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ gbé ìgò tó funfun kan àti páálí wá. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ibẹ̀ ni ká ti bi í, ẹ má gbàgbé láti bi mí nípa sìkánà olówó pọ́ọ́kú o, torí mo ní nkan láti sọ nípa ẹ̀. Ẹ ṣeun.